Láti Òkè Ìdàáṣà dé Inú Ọkọ̀ Akẹ́rú: Ohun Tí Eré Tẹlifíṣọ̀n Ń Fi Hàn Wá, àti Ohun Tó Ń Fò Dá

Irú eré kan wà tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n: eré ayé àtijọ́ tó dá lórí ìrìn-àjò gígùn lójú òkun. Ọkọ̀ á ṣí ní èbúté, á lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láàárín omi, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á jà, wọ́n á fẹ́ràn ara wọn, àìsàn á mú wọn, àwọn kan á kú, ọkọ̀ á sì gúnlẹ̀ níbòmíràn. Láti ọdún 1971 di 1980, BBC ṣe The Onedin Line, eré nípa oníṣòwò kan ní Liverpool tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣòwò. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe To the Ends of the Earth, eré alápá mẹ́ta nípa ọkọ̀ tó ń gbé èrò láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Australia. Èyí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú jù lọ nínú wọn ni Roots, tí ABC ti Amẹ́ríkà fi hàn fún alẹ́ mẹ́jọ, láti ọjọ́ 23 sí ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn ìrìn-àjò òkun, kí a sì fi wé ìrìn-àjò kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sí àwọn ènìyàn wa. Orí òkè Dassa-Zoumè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni a dúró sí láti wò ó. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé a yan ibẹ̀, nítorí ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà láti Dassa dé etíkun. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi yàn án gan-an nìyẹn. Eré máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò yìí ní etí omi. Fún àwọn tí wọ́n kó lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fojú rí òkun rí.

Àwọn òkè tó gba ènìyàn

Dassa-Zoumè ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba. Igbó Ìdàáṣà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é, àwọn Fọ̀n sì tú u sí èdè tiwọn, torí pé inú igbó náà ni "Zoumè" túmọ̀ sí. Wọ́n tún máa ń pè é ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Ìdílé ọba tó ń jẹ níbẹ̀, àwọn Ọmọ Jagun, ń tọ́ka ìran wọn sọ́dọ̀ Jagun, tí ìtàn sọ pé ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá wá. Èdè Ìdàáṣà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, bíi ti Ṣábẹ àti ti Kétu.

Àpáta ràbàtà ni àwọn òkè náà. Òkúta lórí òkúta, pẹ̀lú ihò láàárín wọn tí ènìyàn lè wọ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù. Ẹni tó bá wà lókè á ti rí ẹni tó ń bọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé Abomey, olú-ìlú Dàhòmì, kò tó 100 kìlómítà sí Dassa, ó sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí òkun. Nígbà ọba Gezo, tó jẹ láti 1818 sí 1858, àti nígbà Glele ọmọ rẹ̀, tó jẹ láti 1858 sí 1889, ogun Dàhòmì máa ń jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ sí ìlú àwọn Yorùbá àti àwọn Máhì. Bí Olúmọ ṣe rí fún àwọn Ẹ̀gbá ní Àbẹ́òkúta, tí ogun Dàhòmì kùnà láti kó ní 1851 àti ní 1864, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkè yìí rí fún àwọn Ìdàáṣà. Kétu kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ogun Dàhòmì pa á run ní 1886.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òkè rí gbà. Ogun lè bá ẹnìkan lóko. Ó lè bá obìnrin kan lójú odò, pẹ̀lú korobá omi lórí. Ẹni tí ogun bá mú á gba Abomey kọjá lọ sí Ouidah, ní etíkun, ibi tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ni wọ́n kó gba ibẹ̀ sọdá òkun láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkọkàndínlógún.

Ọkọ̀ Clotilda, 1860

Lára àwọn tó gba ọ̀nà yẹn ni Oluale Kossola. Àwọn olùwádìí, pàápàá Sylviane Diouf nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2007, tọpa ìlú rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìṣà. Bantè àti Dassa wà ní ẹkùn kan náà lónìí, èyí tí ìjọba Benin ń pè ní Collines, ìyẹn Ẹkùn Àwọn Òkè. Ará ilé wa ni Kossola.

Ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí ogun Glele wọ ìlú wọn ní àfẹ̀mọ́jú. Wọ́n pa ọba ìlú, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n rìn dé Abomey, wọ́n tún rìn títí dé Ouidah, níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ọgbà ẹrú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ onígbòkun kan ń bọ̀ láti Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Clotilda ni orúkọ rẹ̀. Kò gùn ju nǹkan bíi mítà 26 lọ. Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, ló rán an, William Foster ló sì ń tù ú. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ láti 1808, nítorí náà iṣẹ́ olè ni. Foster dé Ouidah ní oṣù Karùn-ún 1860, ó sì ra 125 ènìyàn. Nígbà tó rí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀, ẹ̀rù bà á pé kí wọ́n má mú òun, ó sì ṣí pẹ̀lú 110. Ní oṣù Keje, wọ́n dé Mobile lóru. Foster sun ọkọ̀ náà kó má bàa sí ẹ̀rí. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ odò.

Ọdún 1860 yìí kan náà ni The Onedin Line fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wo oníṣòwò Liverpool yẹn bó ṣe ń ja fún ọkọ̀ rẹ̀ lè rántí pé, nínú ọdún kan náà, 110 ènìyàn wà nínú ọkọ̀ mìíràn lórí Òkun Àtìláńtíìkì tí ẹnì kankan nínú wọn kò sanwó láti wọ̀.

Ojú ta ni a fi ń wò ó?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí a máa bi irú eré bẹ́ẹ̀ nìyí. Nínú To the Ends of the Earth, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá kan tó ní yàrá tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ni a ń tẹ̀ lé. Ó lè gun òkè ọkọ̀, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó rí sínú ìwé. Nítorí pé ó lè rìn, kámẹ́rà náà lè rìn.

Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ kò lè rìn. Ìṣòro tí àwọn tó ṣe Roots bá pàdé nìyí. Nínú ìwé Alex Haley, tó jáde ní 1976, ojú Kunta Kinte nìkan ni a fi ń rí ọkọ̀ náà: òkùnkùn, òórùn, ohùn, ìrora ìgbápá àti ẹ̀yìn lórí pákó. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di eré, wọ́n fi ọ̀gá ọkọ̀ kan kún un, Davies, ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn ń dà láàmú. Edward Asner, tí gbogbo Amẹ́ríkà ti mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kí àwọn òǹwòran òyìnbó rí ojú tí wọ́n mọ̀. Èrè rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn wo eré náà lọ́pọ̀ yanturu. Àdánù rẹ̀ ni pé ìdajì ìtàn inú ọkọ̀ akẹ́rú di ìtàn ọkàn ọ̀gá ọkọ̀.

Ṣé ìtàn tí Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ nípa inú ọkọ̀ wà? Ó wà. Wọ́n mú Samuel Àjàyí Crowther ní Ọ̀ṣogùn ní 1821. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tó gbé e lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Nínú àkọsílẹ̀ tó ṣe ní 1837, ó sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ náà dé inú ọkọ̀ ogun yìí, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ, wọ́n rò pé orí àwọn ẹgbẹ́ wọn ni. Àwọn tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kò lè rí irú nǹkan báyìí láé, torí pé lójú tirẹ̀ ẹran àti ọta ìbọn ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ojú tí a fi ń wo ìtàn fi ṣe pàtàkì, kó ronú sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ mélòó?

Eré máa ń ká àkókò kò. Ìwé àkọsílẹ̀ fi hàn pé Lord Ligonier, ọkọ̀ tí Haley sọ pé ó gbé Kunta, kúrò ní Gáḿbíà ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1767 pẹ̀lú 140 ènìyàn, ó sì dé Annapolis ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú 98. Ènìyàn 42 kù sínú omi láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lórí tẹlifíṣọ̀n, láàárín alẹ́ méjì wọ́n ti gúnlẹ̀. Láti kún àkókò náà, eré nílò ìjà, nítorí náà àwọn ìgbèkùn dìde sí àwọn atukọ̀. Irú ìdìde bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rú lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò náà ni dídùbúlẹ̀ sójú kan.

Kossola sọ bó ṣe rí fún Zora Neale Hurston, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tó ń kó ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ, nígbà tó wá bá a ní Alabama ní 1927 àti 1928. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n fi wà lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gòkè. Nígbà tí wọ́n gòkè, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Àwọn atukọ̀ ní láti dì wọ́n mú kí wọ́n tó lè rìn yíká. Omi tí wọ́n ń fún wọn kéré, ó sì kan. Ariwo òkun dẹ́rù bà wọ́n. Ohun tó jẹ́ ọdún 1931 ni Hurston parí ìwé náà, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni Barracoon tó tẹ̀ jáde. Lára ohun tó fa ìdádúró náà ni pé òǹtẹ̀wé fẹ́ kó yí ohùn Kossola padà, ó sì kọ̀.

Aṣọ àti èdè

Ohun méjì ló kù tí a fẹ́ kí olùwádìí máa ṣọ́ nínú eré.

Èkíní ni aṣọ. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ìhòòhò tàbí ìbàńtẹ́ ni a ti máa ń bá àwọn ìgbèkùn nínú ọkọ̀, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde nílé. Ọ̀rọ̀ yìí dun Kossola títí dọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ni wọ́n bọ́ aṣọ lára àwọn, àti pé nígbà tí àwọn dé Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń wí pé ìhòòhò ni àwọn ń rìn nílẹ̀ Áfíríkà. Ìlú aláṣọ òfì ni Kossola ti wá. Eré tó bá fẹ́ sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ fi aṣọ náà hàn wá, kó sì fi ọwọ́ tó bọ́ ọ hàn wá.

Èkejì ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ nínú Roots, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ẹni tó gbọ́ èdè ẹlòmíràn àti ẹni tí kò gbọ́. Nínú Clotilda, ọ̀pọ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Fọ̀n wà níbẹ̀, àwọn ará àríwá Benin òní náà sì wà. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọ lè má gbọ́ ọ rárá. Síbẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sọ wọ́n di ìbátan. Ní Bràsílì, malungo ni ẹrú máa ń pe ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ní Háítì, batiment. Ní Suriname, sippi. Àwọn tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ síra wọn ka ara wọn sí ọmọ ìyá. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ará Clotilda láàárín àwọn olówó ní Alabama, ẹkún tí wọ́n sun dà bí ẹkún ìgbà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀.

Ibi tí ìrìn-àjò náà parí sí

Eré máa ń parí nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tàbí kó lọ bá ẹni kan ṣoṣo títí dé òpin ayé rẹ̀. Ti Clotilda kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé. Owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bẹ Meaher pé kó fún wọn nílẹ̀ díẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì dá ìlú tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Africatown títí dòní. Kossola kú síbẹ̀ ní 1935. Ìyàwó rẹ̀, Abile, àti gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n bí ló ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí ìlú náà, ta ni wọ́n yàn? Gumpa ni, Fọ̀n láti Dàhòmì, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí ọmọ ọlọ́lá nílé. Ẹ ronú sí i. Àwọn tí ogun Dàhòmì kó lẹ́rú fi ọmọ Dàhòmì ṣe olórí, nítorí pé wọ́n ti jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Kò sí eré tẹlifíṣọ̀n kan tí a mọ̀ tó tíì fi èyí hàn. Ó sì kan àwa tó wà nílé, torí pé Ìdàáṣà àti Fọ̀n ti di ará orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n jọ ń ná ọjà kan, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ogun ìgbà náà sì máa ń ṣòro láti dá sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ará Clotilda kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kossola sọ ọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀ wọ́n gbé pọ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Ní apá òkun lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Ìwé wà. Fíìmù Descendant jáde ní 2022. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣí ní Africatown ní 2023. Ní Ouidah, Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà ti dúró létí òkun láti 1995. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe eré nípa Clotilda lọ́la, yóò rí ẹ̀rí tó pọ̀ nípa ọkọ̀, nípa Foster àti nípa Alabama. Tó bá wá bèèrè bí ilé ṣe rí kí ogun tó dé, ẹnu àwọn àgbà wa ló kù, ẹnu náà sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Nítorí náà, a ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ìbátan ní Dassa, Savalou, Bantè tàbí Ṣábẹ pé kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè ìlú wọn gan-an, kì í ṣe ní Faransé. Ẹ bèèrè orúkọ ihò àpáta kọ̀ọ̀kan àti ìdílé tó sá sí i. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń gbé gòkè, ibi tí wọ́n ti ń rí omi mu, àti àmì tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé ogun ń bọ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n mú tí kò padà, bí ìdílé bá ṣì ń dá a. Ẹ má ṣe fi ipá bèèrè ohun tó jẹ́ awo ojúbọ; ohun tí kì í ṣe awo ti tó wa.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. A fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ pé, nígbà tí eré tó ń bọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ ní etíkun, pẹ̀lú ìgbòkun àti ariwo omi, ọmọ tó ń wò ó ní Dassa á lè nawọ́ sí òkè tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, kó sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé ibẹ̀ yẹn ni ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.